Òrí Ìyá Àánú Nínú Sítóòfù Bàbá

Ẹnu mi ló bá mi wá iṣẹ́, ẹnu mi náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ṣé mo gbọ́? Mi ò gbọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, a kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá lè sọ ọ́.

Mọ́rà, obìnrin òyìnbó tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́, ló bi mí ní ìbéèrè kan, lórí fóònù, tí a ń wo ojú ara wa. Ó ń wá ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní ilé kan lórí òkè ní Skọ́tílándì, níbi tí kò sí aládùúgbò àfi àgùntàn. Bàbá náà ti da àgùntàn títí ó fi darúgbó. Àìsàn kan wá mú ọwọ́ òsì rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀, kò lè dá wẹ̀ mọ́, kò lè dá wọ bàtà. Mọ́rà ní kò sí ohun mìíràn tó ń mú ilé náà gbóná àfi sítóòfù onígi kan. Ó wá ní, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi dáná?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gan-an ni, bí ìgbà tí ènìyàn bi ẹja léèrè omi. Mo ní, "Màdáámù, Òkè-Ògùn ni mo ti wá. Igi la fi ń se oúnjẹ, igi la fi ń yáná nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ìyá mi bí mi sí." Irọ́ ni. Ọsibítù ni ìyá mi bí mi sí, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ ṣì wà láyé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé aláṣọ òkè ni wọ́n ti bí mi. Láti kékeré ni mo ti wà nídìí òfì, tí mò ń hun aṣọ. Iná dídá jẹ́ ti ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí mo gbéyàwó, ó di ti Ìyá Àánú. Ipa tèmi níbẹ̀ ni kí n gbé orí sókè láti ìdí òfì kí n ké pé, "Ṣé oúnjẹ yìí ò tíì jinná ni?" Ó sì dá mi lójú nígbà náà pé iṣẹ́ ńlá ni mò ń ṣe.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Bàbá ló na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, Mọ́rà sì ní, "Máa pè é ní Dónáàlì." Háà! Ẹni tó ju bàbá mi lọ? Kí n dúró níwájú rẹ̀ kí n pe orúkọ mọ́ ọn lórí bí ọmọ iléèwé ẹgbẹ́ mi? Mo dọ̀bálẹ̀ láìmọ̀. Mọ́rà rò pé mo ṣubú, ó sáré wá gbé mi. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ni mò ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu Bàbá. Àìsàn náà ti kó wọn lọ. Ó kù "bẹ́ẹ̀ ni", ó kù "rárá", ó kù "tíì", ó kù "ilé" àti mélòó kan tó máa ń jáde nígbà tó bá wù wọ́n. Àmọ́ ó ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan, ó sì mọ ọ̀pá náà lò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ ẹnu lò lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti sítóòfù fún yín. Sítóòfù tí èmi mọ̀ nílé ni èyí tó ń mu kẹrosíìnì. Eléyìí jẹ́ àpótí irin dúdú, ó fẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, ó ní ilẹ̀kùn dígí níwájú, páìpù gígùn kan sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú àjà jáde síta. Mo wò ó, mo ní, "Èyí náà ni? Iná ni iná ń jẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ bí ààrò wa ṣe rí. Òkúta mẹ́ta, igi gígùn mẹ́ta, orí wọn pàdé láàárín, ìdí wọn wà níta. Bí orí igi bá ti jó lọ, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀ wọlé díẹ̀. Igi ayin kan lè bá yín se oúnjẹ àárọ̀ kó tún bá yín se ti alẹ́. Ta ló ń gé igi ìdáná ní kékeré? Nítorí náà, mo lọ sí ilé igi tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo fojú fo gbogbo igi kúkúrú tí wọ́n ti gé tì síbẹ̀, mo ní ọ̀lẹ ló gé wọn, mo sì wá igi gígùn kan jáde, igi tó tó ọkùnrin. Mo ti orí rẹ̀ bọ inú sítóòfù. Mo gbé ìdí rẹ̀ lé àpótí tí Bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́, àmọ́ èwo ni ti ilẹ̀kùn? Ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ iná? Mo kó bébà sí i, mo ṣáná, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

Iná kò wá o. Èéfín ló wá. Kò gba inú páìpù. Ó gba ọ̀dọ̀ mi, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá, ó gun àjà lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lókè àjà bá fi igbe ta, igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mò ń fi fìlà fẹ́ ẹ pé kó dákẹ́. Bàbá ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń na ọ̀pá sókè léraléra, ó ń tọ́ka sókè.

Mo rò pé ó ní kí n ké pe Ọlọ́run. Mo ní, "Àmín, Bàbá."

Ó mi orí, ó tún na ọ̀pá sókè. Mo ní, "Àmín ní orúkọ Jésù."

Fóònù mi dún. Mọ́rà ni. Ẹ̀rọ tó ń ké yẹn, ó so mọ́ fóònù rẹ̀. Bí èéfín bá ti rú nílé, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìlú. Nílé wa a máa ń sọ pé èéfín nìwà, pé rírú ní í rú. Mi ò mọ̀ pé ìlú kan wà tí èéfín ti ń fi fóònù pe ènìyàn láti fẹjọ́ sun.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mọ́rà kì í bọ́ kóòtù rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀. Bó bá dé, ó máa ń jókòó lórí ìjókòó bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, kóòtù lọ́rùn, ọwọ́ nínú àpò. Ó wo igi mi tó tó ọkùnrin, tó ṣì na ẹsẹ̀ lórí àpótí Bàbá. Kò bínú. Ìbá dára kó bínú. Ojú rẹ̀ ló pọ́n.

Ó ní, "Àyè ti wà fún un ní ilé àwọn arúgbó nínú ìlú. Bí ẹ̀rọ yìí bá tún ń pè mí báyìí, tàbí tí mo bá ń dé tí ilé yìí tutù, mo ń gbé e lọ. Mi ò lè jẹ́ kí èéfín pa bàbá mi, mi ò sì lè jẹ́ kí òtútù pa á."

Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, "Ilé." Ó tún lù ú. "Ilé!"

Mọ́rà wojú mi. Ó ní títí ìparí oṣù. Bí wọ́n bá gbé Bàbá lọ, iṣẹ́ tèmi náà ti parí nìyẹn, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú wọn sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: arúgbó kan tí kò fẹ́ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, àti ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítóòfù kan. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kò dáa. Ní Ìsẹ́yìn, kí ẹ tó rìn láti ilé dé ìdí òfì, ẹ ó ti kí ènìyàn títí ẹnu yín á fi gbẹ. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àná. Lọ́hùn-ún, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà máa ń gbé ìka kan sókè láti inú mọ́tò rẹ̀, ó ti lọ. Ìka kan! Mo gbé gbogbo ìkíni mi wá láti ilé, kò sí ẹni tó bá mi gbà á. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àgùntàn. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù o. Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á wò mí, wọ́n á máa jẹ koríko wọn lọ. Mo wá rí i pé bí mo ṣe ń ṣe sí Ìyá Àánú láti ìdí òfì gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ kan tí Mọ́rà gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú, mo rí àpò èédú kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé láti Nàìjíríà ni. Mo dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ló mọ àwọn àpò èédú tí wọ́n máa ń tò sẹ́bàá ọ̀nà, tí tírélà máa ń wá kó. Ta ló lè sọ pé kì í ṣe igi ọ̀dọ̀ wa ni? Ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dájú pé yóò jó ju tèmi lọ. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo ní, "Ẹ kú àjò." Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà kọjá bá yà fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà dá a, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nílé nígbà tí èédú bá ń ṣagídí. Ọ̀rá yọ́, ó rùn, ó fi nǹkan dúdú kun dígí, Bàbá sì wúkọ́ títí di ọ̀sán. Ẹ̀rọ náà pe Mọ́rà, ó sì rán mi létí ìparí oṣù. Mo fi bébà dá a. Bébà jó fììì, ó kú, igi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Mo ra ohun funfun kan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún iná títàn. Ó dára, àmọ́ kẹrosíìnì ni wọ́n fi ṣe é, òórùn rẹ̀ kò bá àyà Bàbá mu, ó wọ́n, ṣọ́ọ̀bù sì jìnnà. Nígbà tó tán, ó tán.

Ní ilé igi ẹ̀yìnkùlé, lórí pákó kan, gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì kan wà níbẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo gbé e. Mo ti ń ṣí i. Ìgbà náà ni mo rántí obìnrin kan ládùúgbò wa tó da kẹrosíìnì sínú iná tó rò pé ó ti kú. Bó ṣe ń ké ni mo gbọ́, àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn náà. Mo dé gálọ́ọ̀nù náà, mo dá a padà sórí pákó. Kí Bàbá gbé ilé àwọn arúgbó sàn ju kí n jó o mọ́lé lọ.

Ìyá Àánú pè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ló béèrè.

"Bàbá Àánú, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ẹ ń fi òrí para?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ló ṣe òrí náà. Ìyá yẹn ló ṣa èso ẹmi lábẹ́ igi, tó gún un, tó lọ̀ ọ́, tó fi ọwọ́ pò ó títí apá rẹ̀ fi ń ro ó. Ìyá Àánú rọ ọ́ sínú ike ńlá kan, ó tì í sínú ẹrù mi, ó ní bí ọyẹ́ ilé bá ń la ètè, kí ni tòkè òkun máa ṣe? Èmi wá dé ìlú òyìnbó, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú yàrá, mo ní kí wọ́n má lọ sọ pé mò ń rùn. Mo gbé e lọ fi pamọ́ sí ilé igi. Èmi ọ̀làjú.

Mo ní, "Mò ń fi para dáadáa."

"Ètè yín wá ṣe là báyẹn?"

A ń wo ojú ara wa lórí fóònù, mo ti gbàgbé. Mo yára yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní iná ló ń yọ mí lẹ́nu, mo sì yí fóònù sí sítóòfù kó lè rí i. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Kí n tó mọ̀, gbogbo agbo ilé ti yí fóònù náà ká.

"Ẹ fẹ́ ẹ!"

"Ẹ má fẹ́ ẹ, abẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò!"

"Igi yẹn tutù, ẹ sá a sóòrùn!"

"Oòrùn wo? Ṣé ẹ rí oòrùn níbẹ̀ ni?"

"Ẹ gé ihò sí àjà kí èéfín lè jáde!"

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ní kí n tú epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí i. Ìyá Àánú gbá a létí, mo gbọ́ ọ títí dé Skọ́tílándì. Ó gba fóònù padà, ó wo sítóòfù náà dáadáa, ó ní, "Bàbá Àánú, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ tilẹ̀ ti dáná rí láyé yín?" Gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tó jókòó lẹ́yìn mi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù pé. Mọ́rà ń bọ̀ ní ọ̀sán. Yìnyín ti bo gbogbo òkè, ilé tutù débi pé mò ń rí èémí Bàbá bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo fi kúbùsù méjì wé e. Ọwọ́ rẹ̀ tó yè di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó kọjú sí sítóòfù tó ti kú, kò wò mí. Ó mọ ọjọ́ tí a wà. Láti àárọ̀ ló ti fi ọ̀pá tọ́ka sí bàtà ìjáde rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ fún un, ó tún tọ́ka sí okùn rẹ̀ pé kí n so ó. Mo so ó. Bí mo ṣe ń so ó, ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi.

Ọwọ́ mi ti là, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka, mi ò lè di ìṣáná mú. Mo ní kí n gba Ọlọ́run gbọ́, kí n gba ìyàwó mi náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ sí ilé igi, mo gbé òrí náà wá. Ó ti le bí òkúta. Mo fi ṣíbí ha á, mo fi ra ọwọ́ mi, ó sì tù mí lára débi pé mo fẹ́ sunkún. Ó pọ̀ jù, ọwọ́ mi wá ń yọ̀. Mo fa òwú díẹ̀ nínú òwú funfun tí a fi ń nu ojú Bàbá, mo nu ọwọ́ mi. Ọwọ́ aláṣọ òkè kì í rí òwú kó dákẹ́. Láìmọ̀, mo ti ń lọ́ ọ láàárín ìka, ó ti gùn, ó ti le. Mo jù ú sórí igi wẹ́wẹ́ tí mo ti kó lé igi kúkúrú nínú sítóòfù. Mo ṣáná sí bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bébà jó, bébà kú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àmọ́ òwú náà kò kú.

Iná kékeré kan dúró lórí rẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, kò rú èéfín, kò yára, kò gbọ̀n. Mo mọ iná yẹn. Fìtílà ìyá ìyá mi ni, àwo amọ̀, òwú lílọ́ àti òrí, tó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀ nígbà tí kò sí iná mọ̀nàmọ́ná. Ó máa ń jó títí gbogbo wa á fi sùn. Mo kígbe, "Yéè! Ìyá mi!"

Mo na ọwọ́ kí n gbé e lọ sábẹ́ igi, ibi tí iná yẹ kó wà. Bàbá fi ọ̀pá gbá ọwọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá sókè, bó ṣe ti ń nà án láti ọjọ́ tí mo dé. Mo ti fẹ́ ṣe Àmín. Ó fi orí ọ̀pá náà kan igi ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó kan igi wẹ́wẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ó kan òwú tó ń jó lókè pátápátá. Òkè. Òkè ni kí iná wà. Gbogbo ìgbà yẹn, òkè iná ló ń fi hàn mí, èmi ń fi àdúrà dá a lóhùn.

Iná láti òkè wá sísàlẹ̀? Ṣàngó nìkan ni mo mọ̀ tó ń dáná bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni èmi? Mo fi sílẹ̀. Ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn, mo pa á dé. Ó fi ọ̀pá kan irin kékeré kan nísàlẹ̀, mo fà á, atẹ́gùn wọlé sí i. Inú páìpù hó. Igi wẹ́wẹ́ mú iná, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó mú igi ńlá. Èéfín gba inú páìpù lọ síta. Ẹ̀rọ tó wà lókè àjà dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi àti Bàbá jókòó síwájú dígí náà, a ń wo bó ṣe ń jó.

Mọ́rà dé. Ó gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́, àpò òfìfo, a sì mọ ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fínmú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní òrí ni, láti ilé, ó ń bọ̀ láti Ṣakí, kò ní kẹrosíìnì, kò ní nǹkan kan. Mò ń ṣàlàyé lọ. Ó wá sí ìdí sítóòfù, ó na ọwọ́ sí i. Ó wo bàtà ìjáde tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó tú okùn rẹ̀, ó bọ́ ọ kúrò. Nígbà tó dìde, ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní ṣé tíì wà.

Bàbá ní, "Tíì," ohùn rẹ̀ sì lọ sókè bíi ti ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ́ òwú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òwú díẹ̀, òrí tó tó ìka, ó parí. Kò wọ́n, kò léwu, kí tíì tó hó, iná ti mú. Mo pe Ìyá Àánú láti yangàn.

"Ẹ̀ ń fi kí ni dáná?"

"Òrí."

"Òrí ìyá mi? Òrí tí ìyá mi pò títí ọwọ́ fi bó? Bàbá Àánú! Ètè yín là, ọwọ́ yín là, ẹ wá gbé ìpara fún iná! Ṣé iná ló ní ara ni?" Ó bá mi jà débi pé mo gbé fóònù jìnnà sétí. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá yẹn ń kọ́? Ṣé ara wọn ń móoru?" Mo ní ó ń móoru. Ó ní, "Ó dáa náà." Àpótí tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ike méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó so òwú funfun mọ́ ọ̀kan, ó ní ti ara nìyẹn. Ó so dúdú mọ́ èkejì, ó ní ti iná nìyẹn, kí n má ṣì wọ́n lò.

Nígbà tí ọdún yí po, mo gba ìsinmi, mo wálé. Mọ́rà ló ń gbé pẹ̀lú Bàbá títí tí màá fi padà. Ìsẹ́yìn rí bó ṣe ń rí, mo kí ènìyàn títí ẹnu mi fi gbẹ, inú mi dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ará ilé ní kí òyìnbó Ìsẹ́yìn wá dáná fún àwọn. Ṣé mo lè kọ̀? Mo kó igi ńlá sísàlẹ̀ ààrò, mo to wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, mo gbé òwú tí mo fi òrí pa sókè pátápátá, mo ṣáná. Mo wá na ọwọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Mò ń wá ilẹ̀kùn lára ààrò. Ọwọ́ mi wà nínú afẹ́fẹ́ báyìí, gbogbo agbo ilé ń wò mí.

Ẹ̀rín náà, ẹ má bi mí. Ìyá Àánú kó gbogbo iná mi kúrò, ó mú igi ayin gígùn mẹ́ta, orí láàárín, ìdí níta. Kò pẹ́ tí ó fi mú.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Mọ́rà ni. Ilé ti tutù, ó ní, iná kò mú, òun ti fi òwú sí i ó ń kú. Mo ní, "Ṣé o ti ilẹ̀kùn?" Àwọn ará ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ iná, wọ́n sún mọ́ mi. "Ẹ ní kó fẹ́ ẹ!" "Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ ti igi wọlé!" Mò ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mò ń sọ fún Mọ́rà pé kó fa irin ìsàlẹ̀, òkè ni kó gbé òwú sí, òkè. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa irin náà. Ó wá kígbe pé ó ti mú.

Mo gbọ́ ọ̀pá lórí ilẹ̀. Wọ́n gbé fóònù fún Bàbá. Èémí rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ilé." Ó sinmi. "Ìgbà wo?"

Ìyá Àánú gbé orí sókè láti ìdí ààrò, iná ń tàn sí i lójú. Ó ní, "Kí ni Bàbá wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n kí yín."

Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí igi wọlé, ó ní, "Ẹ ní a kí wọn náà o. Ẹ ní ẹ ti délé."

Fóònù ṣì wà létí mi. Bàbá ń dúró. Èmi tí àìsàn kankan kò mú ahọ́n mi, mo wá ọ̀rọ̀ tì, mi ò rí.